Ojú Tí Monika Fi Wò Wá

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ ní Ìbarà, Abẹ́òkúta, ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a jọ wo Monika, fíìmù Ingmar Bergman ará Sweden. Mo tún un kọ díẹ̀ kí ó lè ṣe é kà, àmọ́ mo fi àwọn ibi tí ẹ ti já lu ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ bó ṣe wà.)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ kú ooru. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn pátápátá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún síwájú díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń ké, èmi náà ń ké, ẹnì kan ló máa borí nínú wa, mi ò sì rò pé èmi ni. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé tí ẹ wá nítorí pé wọ́n ní àkàrà àti mínírà wà, ó wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ tán.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, bí fíìmù yẹn ṣe parí tí a tan iná, ariwo ta. Ọ̀dọ́kùnrin kan dìde níbí, ó ní, "Ọmọbìnrin burúkú gbáà ni!" Kò tíì jókòó tí ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú fi dá a lóhùn pé, "Ìwọ ò rí bí ebi ṣe ń pa á ni?" Ẹlòmíràn ní fíìmù náà fà jù, pé kí ló dé tí ọkọ̀ ojú omi kan ṣáá fi ń lọ tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Bàbá kan tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé ò sọ nǹkan kan ní tiwọn, wọ́n kàn ń nu awò ojú wọn. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo délé tí mo tún un kà, ẹ̀rín pa mí, torí pé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ti ja gbogbo ìjà tí àwọn òyìnbó ti ń jà lórí fíìmù yìí láti 1953, bẹ́ẹ̀ ẹ ò tíì ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí wọ́n kọ.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò sí níbí lọ́sẹ̀ náà, ìtàn rẹ̀ rèé ní ṣókí. Ní ìlú Stockholm, ní orílẹ̀-èdè Sweden, ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó ń jẹ́ Harry. Ilé tí wọ́n ń kó àwo àti ife sí ló ti ń ṣiṣẹ́, ìgbà gbogbo ni wọ́n sì ń pariwo mọ́ ọn níbẹ̀. Monika náà ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀fọ́ àti èso, àwọn ọkùnrin ibẹ̀ kì í jẹ́ kó gbádùn, wọ́n ń fọwọ́ kàn án ṣáá. Wọ́n pàdé nílé tí wọ́n ti ń mu kọfí. Monika ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: iná ìtansìgá ló tọrọ. Wọ́n lọ sí sinimá pa pọ̀, Monika ń sunkún nítorí ìfẹ́ tó ń rí nínú eré, Harry sì ń yán. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀. Bàbá Monika mutí yó, ó lù ú, ọmọ náà kó jáde nílé. Harry náà fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó gbé ọkọ̀ ojú omi bàbá rẹ̀, wọ́n sì lọ lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní àwọn erékùṣù, àwọn méjèèjì nìkan, oòrùn, omi, àpáta. Nígbà tó yá, oúnjẹ tán. Monika lóyún. Ó lọ jí ẹran sísun nílé olówó kan. Òtútù dé, wọ́n padà sílùú, wọ́n fẹ́ra wọn, wọ́n bí ọmọbìnrin kan, June. Harry ń ṣiṣẹ́, ó ń kàwé lóru kó lè di ẹnjiníà. Ilé ń sú Monika. Ó bá ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ àtijọ́ lọ. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé Harry nìkan ló ku pẹ̀lú ọmọ lápá.

Ingmar Bergman ló darí rẹ̀, láti inú ìwé ìtàn Per Anders Fogelström. Wọ́n ya á ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1952, ó jáde ní 1953. Harriet Andersson tó ṣe Monika jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Lars Ekborg ló ṣe Harry. Gunnar Fischer ló di kámẹ́rà mú. Erékùṣù Ornö ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tí kò pọ̀. Ìdí tí mo fi ń dárúkọ Fischer ni pé àwọsánmà inú fíìmù yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé ojú ọjọ́ ṣú dẹ̀dẹ̀. Fíìmù yìí ṣú dẹ̀dẹ̀. Kódà nígbà tí oòrùn ń ràn tí àwọn ọmọ méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, èèyàn á ti mọ̀ pé òjò ń bọ̀ láti ibìkan.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò pọ̀. Ìlú mẹ́ta ni wọ́n ti wo fíìmù kan ṣoṣo yìí, tó sì di fíìmù mẹ́ta. Mo fẹ́ mọ ohun tó fà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Amẹ́ríkà. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Kroger Babb. Oníṣòwò ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa gbé fíìmù láti ìlú dé ìlú, kó máa pariwo ohun tó wà nínú rẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. Láàárín àwọn ọdún 1950, ó ra ẹ̀tọ́ fíìmù yìí. Ìṣẹ́jú 96 ni fíìmù náà. Babb gé e kù sí nǹkan bí ìṣẹ́jú 62. Ó ní kí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bo èdè Sweden tó wà nínú rẹ̀, ó gba Les Baxter kó fi orin tuntun sí i, ó wá yí orúkọ rẹ̀ padà. Orúkọ tuntun tó fún un, bí mo bá túmọ̀ rẹ̀ fún yín, ni "Monika, Ìtàn Ọmọbìnrin Burúkú kan."

(Ẹ̀rín. Gbogbo ojú yí sí ọ̀dọ́kùnrin ọjọ́ Sátidé.)

Ẹ má ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́ o! Kò ka Babb, kò mọ Babb, orúkọ tí Babb fi tà á ló fi pè é. Ìyẹn jẹ́ ká mọ̀ pé Babb mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí èèyàn bá jókòó síwájú ìtàn yìí láìronú, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ó wá gbé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn sára pósítà, ó sì gba owó ẹnu ọ̀nà lé e lórí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà tó láti ra fíìmù onípáálí ní Sápọ́n tàbí ní Láfẹ̀nwá mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ á rí ìbọn mẹ́ta, iná tó ń jó àti obìnrin tó ń sunkún lára páálí. Ẹ bá délé, ẹ wo apá kìíní, ẹ wo apá kejì, ìbọn kan ò dún. Ẹ ò sì lè dá a padà, ontajà á ní ẹ ti tú u. Ẹni tó wo fíìmù lẹ́yìn tó ti rí irú páálí bẹ́ẹ̀ kò wo fíìmù náà mọ́. Ìbọn ló jókòó tó ń retí.

Kí ni Babb gé dànù? Ó fi ìran tí Monika ti bọ́ra sílẹ̀ tó ń lọ wẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn ni ọjà. Ìdákẹ́jẹ́ ló gé. Àwọn ibi tí ẹ ní ó fà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀bẹ rẹ̀ kọ́kọ́ bà. Ẹ wá wò ó: bí a bá yọ àárẹ̀ ibi iṣẹ́ kúrò, tí a yọ yàrá tó há tí àwọn àbúrò Monika ń pariwo nínú rẹ̀ kúrò, tí a yọ omi tó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ láàárọ̀ kúrò, kí ló kù? Ọmọbìnrin kan tó kàn ń ṣe ìṣekúṣe láìnídìí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ èèyàn di burúkú nínú fíìmù. Wọ́n á yọ ìdí tó fi ṣe é, wọ́n á fi ohun tó ṣe sílẹ̀.

Ìyá wa tó ń ta àdìrẹ kọ́ mi ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà nígbà tí a ń kó àga, mo sì tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ wọn láti sọ ọ́ níbí. Wọ́n ní bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa aṣọ yọ nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù. Ẹni tí kò mọ̀, tó bá rí i ní ìṣẹ́jú yẹn, á ní aró bà jẹ́. Tí wọ́n bá sì fẹ́ kó dúdú dáadáa, wọ́n á tún tì í bọ̀ ọ́, wọ́n á tún fà á yọ, wọ́n á tún sá a. Mo ní, "Ìyá, ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ àsọyé mi tán." Wọ́n ní kí n san owó iṣẹ́ wọn.

Afẹ́fẹ́ tó fẹ́ sí fíìmù yìí, Paris ló ti wá. Wọ́n ti fi í hàn níbẹ̀ ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, ó kọjá lọ bí ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà ilé ẹlòmíràn kọjá. Nígbà tó di 1958, wọ́n kó àwọn fíìmù Bergman jọ, wọ́n ń fi wọ́n hàn lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jean-Luc Godard, ọmọ ọdún 27, lámèyítọ́ ni nígbà náà, ìyẹn ẹni tó ń yẹ fíìmù wò tó sì ń kọ̀wé nípa rẹ̀, kò tíì darí fíìmù gígùn kankan. Ní oṣù keje ọdún yẹn, ó kọ ọ̀rọ̀ nípa Monika sínú ìwé ìròyìn Arts. Ohun tó sọ ni pé nínú gbogbo fíìmù ẹni tó dá yàtọ̀ jù lọ láàárín àwọn olùdarí eré, èyí ló dá yàtọ̀ jù. Ohun tó mú mi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ó bá ara rẹ̀ wí pẹ̀lú. Ó jẹ́wọ́ pé nígbà tí fíìmù náà kọ́kọ́ dé, òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun ò kà á sí. Mélòó nínú àwọn tó ń kọ̀wé nípa fíìmù lónìí ló lè sọ bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ "mo ṣì í wò" ṣòroó sọ, àgàgà fún ẹni tí wọ́n ń sanwó fún nítorí ojú rẹ̀.

Ìran kan ló gbé Godard lọ́kàn jù, òun náà ló fa ìjà wa níbí lọ́jọ́ Sátidé. Monika jókòó nílé kọfí, kò sí ọkọ rẹ̀ nílé. Orin ń lọ. Ọkùnrin kan tan sìgá fún un. Ó wá yí orí díẹ̀díẹ̀, ó sì gbé ojú rẹ̀ kalẹ̀ sínú kámẹ́rà, ó ń wò wá. Ohun gbogbo tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣókùnkùn. Kò sọ̀rọ̀, kò rẹ́rìn-ín, kò mójú kúrò. Mo gbìyànjú láti máa kà nígbà tí mo tún un wò nílé. Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé ogún, ó ṣì ń wò mí.

Nínú eré sinimá ayé ìgbà yẹn, òṣèré kì í wo kámẹ́rà. Òfin ni. Bó o bá wò ó, o ti bá eré jẹ́, o ti sọ fún oníwòran pé o mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ wá fi òfin yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Nílé Yorùbá, ọmọ tí wọ́n ń bá wí tó wá tẹjú mọ́ àgbà láìṣẹ́jú, kí la ń pe ìyẹn? (Ọ̀pọ̀ ohùn: "Àfojúdi!") Àfojúdi. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: ojú wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, mi ò gbà pé ìwo yẹn ṣàjèjì sí wa. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwa la gbọ́ ọ yéké ju àwọn ará Paris lọ. Wọ́n rí òfin sinimá tó fọ́. Àwa rí ọmọ tí gbogbo ilé ti dájọ́ fún, tó wá gbé ojú sókè.

Godard ní Monika ń fi wá ṣe ẹlẹ́rìí ni, pé ó ń kẹ́gàn ara rẹ̀ nítorí pé ó fi ọ̀run rere sílẹ̀, ó yan ọ̀run àpáàdì, láìfẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kò sí àwòrán tó bani nínú jẹ́ tó o nínú ìtàn sinimá. Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá náà, ọ̀run ti gba tirẹ̀ ní 2022, ṣùgbọ́n mi ò lè bá a lọ dé ibẹ̀. Ọ̀run rere wo ni Monika fi sílẹ̀? Yàrá kan tí ọmọ ń ké nínú rẹ̀, ọkọ tó ti rìnrìn àjò iṣẹ́, owó ilé tí kò tó. Ẹni tí kò jí lóru gbé ọmọ ló ń pe ibẹ̀ ní ọ̀run rere. Nínú ojú yẹn, mi ò rí ẹni tó ń kẹ́gàn ara rẹ̀. Ẹni tó ń bi wá ni mo rí: ẹ̀yin tí ẹ ti ń wò mí láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ẹ gbádùn mi nígbà tí mò ń wẹ̀, ẹjọ́ wo lẹ wá ń dá fún mi báyìí? Ó lè jẹ́ pé mò ń gbé ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ẹnikẹ́ni tó bá wo ojú yẹn á gbé ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, ìdí nìyẹn tó fi ṣì wà láàyè.

Ẹnì kan tún wà ní Paris tó fèsì sí fíìmù yìí láìlo gègé. François Truffaut, lámèyítọ́ ẹgbẹ́ Godard, ya fíìmù tirẹ̀ ní 1959 nípa ọmọkùnrin kan tí ilé àti ilé ìwé ti sú. Níbì kan nínú rẹ̀, ọmọ náà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé sinimá, wọ́n bá já fọ́tò òṣèré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri, wọ́n sá lọ. Fọ́tò Harriet Andersson ni, láti inú Monika. Ẹ rò ó wò. Fọ́tò tí Babb ì bá fi pe àwọn ọkùnrin wọlé, àwọn ọmọdé méjì jí i bí ẹni jí búrẹ́dì tí ebi ń pa. Nígbà tí fíìmù Truffaut máa parí, ọmọkùnrin náà sáré dé etí òkun, ó yíjú padà, ó wo kámẹ́rà, àwòrán sì dúró gbagidi. Wọ́n fún Truffaut ní ẹ̀bùn olùdarí tó dára jù ní Cannes lọ́dún yẹn. Ó ti gba ìwo yẹn lọ́wọ́ Monika, kò sì fi bò.

Ìyá kan ń bi mí pé kí ló kan Ẹ̀gbá nínú gbogbo èyí. Ó kàn wá gidi. Oṣù kẹjọ 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá hàn ní Èkó, ní gbọ̀ngàn Glover. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Aláké Gbádébọ̀ Kìíní rìnrìn àjò lọ sí ìlú ọba, wọ́n ya ìrìn àjò náà. Àwọn tó kọ ìtàn sinimá ilẹ̀ wa sọ pé nígbà tí wọ́n gbé àwòrán Aláké dé Èkó, èrò ya lọ wò ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n fẹ́ rí ẹni tí wọ́n mọ̀. Látìgbà yẹn wá, bá a ṣe ń wo fíìmù nìyẹn: à ń wá ojú tí a mọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí fíìmù Tunde Kelani lórí Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà tí wọ́n pa ní Abẹ́òkúta níbí, jáde ní 2021, ọ̀pọ̀ yín ló wò ó tí ẹ ń nàka sí igun òpópónà tí ẹ mọ̀, tí ẹ ń jà pé báyìí kọ́ ló ṣe ṣẹlẹ̀ ní 1980. Lámèyítọ́ ni ìyẹn náà. Ó ní ààlà tirẹ̀ o, nítorí ẹni tó ń wá ilé bàbá rẹ̀ nínú fíìmù lè má rí ojú òṣèré.

Kelani yìí náà, tó gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà níbí nígbà èwe, ló gbé ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ó Le Kú, jáde ní fíìmù ní 1997. Ìfẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ni ìtàn náà: Àjàní ní yunifásítì Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1970, obìnrin mẹ́ta, ọkàn kan tí kò mọ èwo ni kó yàn. Kí lẹ rántí nípa bí àwọn èèyàn ṣe gbà á? (Ohùn obìnrin: "Ìró àti bùbá!") Ẹ wá gbọ́. Aṣọ. Ìró kúkúrú tí kò kọjá orúnkún àti bùbá ayé àtijọ́ tún padà dé, gbogbo òde àríyá kún fún un, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é ni oléku. Títí di òní, ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà tí fíìmù náà jáde ń rán oléku. Mo gbà pé lámèyítọ́ tó ṣe iṣẹ́ jù lórí fíìmù yẹn ni àwọn télọ̀. Àwọn ló rí i pé ohun tó ń dun èèyàn nínú ìtàn náà ni ìgbà èwe tí kì í padà wá, wọ́n sì wá nǹkan tí èèyàn lè fi wọ ìgbà náà sọ́rùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Àmọ́ bí ẹ bá ka ohun tí a ń kọ nípa fíìmù ní èdè wa, ẹ ò ní rí télọ̀ níbẹ̀. Ẹ á rí "ó dùn", "kò dùn", "àwòrán rẹ̀ mọ́", "ohùn ò já gaara", "òṣèré yẹn gbìyànjú". Èyí tó bí mi nínú jù ni "ó fà". Mo ti rò ó títí. Bàbá àgbà tó ń pa àlọ́ fà. Ẹni tó ń sun rárà fà, ó tún máa ń padà sọ ohun tó ti sọ. Ẹ lọ jókòó sórí Olúmọ nírọ̀lẹ́, ẹ wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀ lórí páànù ilé àwọn ará ìsàlẹ̀, ìyẹn náà fà, kò sẹ́ni tó ń bèèrè owó rẹ̀ padà. Nítorí náà, kò lè jẹ́ fífà ló ń bí wa nínú. Mo rò pé ohun tó ń bí wa nínú ni pé fíìmù náà dákẹ́, kò sọ ẹni tó jẹ̀bi fún wa. Nínú eré tí a mọ̀ mọ́ra, orin á ti sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Bí ìlù bá ti dún gbì, o ti mọ̀ pé ìyá ọkọ ti wọlé. Nínú fíìmù tó ṣú dẹ̀dẹ̀, kò sí ìlù tó máa dún gbì. Ìwọ nìkan lo wà pẹ̀lú ọmọbìnrin kan tó ń fa sìgá.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi kí n tó jókòó. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ wo Monika, lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká ọ̀rẹ́ mi kan, nínú yàrá kan ní Ọbáńtokò. Ọmọbìnrin tí mò ń fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí sílẹ̀ ni, ẹni tó gbé e ní mọ́tò, èmi ní kẹ̀kẹ́. Ẹ lè fojú inú wo ẹ̀gbẹ́ tí mo wà. Nígbà tí Monika lọ, mo dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń ṣépè. Mo kọ ojú ìwé mẹ́ta nípa ìwà ọ̀dàlẹ̀ obìnrin, inú mi dùn pé ìwé ìròyìn kankan ò gbà á. Ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn náà ni mo tún un wò. Mo ti ní ọmọbìnrin. Lọ́tẹ̀ yìí, ibi tí mo ti dá fíìmù dúró ni ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ọkùnrin ibi iṣẹ́ Monika ti ń fọwọ́ kàn án. Nígbà àkọ́kọ́, mi ò rí ìran yẹn rárá. Kì í ṣe pé mo gbàgbé rẹ̀ o. Ojú mi wà lára kọ̀ǹpútà náà, mi ò sì rí i. Babb ò gé e nínú ẹ̀dà tèmi. Èmi ni mo gé e.

Ẹ ṣeun. Ẹ bèèrè ìbéèrè yín.

(Ìbéèrè mẹ́rin ni wọ́n bi mí. Méjì nínú rẹ̀ jẹ́ nípa ibi tí èèyàn ti lè rí fíìmù náà, mo ti dá wọn lóhùn. Àwọn méjì tó kù rèé.)

Ọmọ iléèwé kan, obìnrin, ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo àwọn òyìnbó tí ẹ dárúkọ, Monika tàbí Harry ni wọ́n ń sọ. Ta ló wá ń tọ́jú ọmọ?" Mo fẹ́ dáhùn, ìyá aládìrẹ ti gbà á lẹ́nu mi. Wọ́n ní, "Arábìnrin bàbá Harry ni. Ṣé ẹ ò rí i ni? Òun ló ń gbé ọmọ kiri." Òótọ́ ni. Obìnrin àgbàlagbà náà wà nínú fíìmù, òun ló gba ọmọ. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà lórí fíìmù yìí, ti Faransé, ti Amẹ́ríkà, mi ò rántí ibì kan tí wọ́n ti fi ìlà kan ṣoṣo yẹ́ ẹ sí. Ó di Ìbarà kí ẹnì kan tó béèrè rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni bàbá tó ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé na ọwọ́ sókè. Gbogbo ilé dákẹ́, torí pé wọn ò sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní ìbéèrè kọ́ ni, wọ́n kàn fẹ́ kí a tún ibi kan wò bí iná bá wà, ibi tí Harry ti ń yán ní sinimá tí ọmọbìnrin náà ń sunkún. Wọ́n ní nígbà tí àwọn àti ìyàwó àwọn ń fẹ́ra, àwọn mú un lọ sí sinimá lẹ́ẹ̀kan. Ó sunkún. "Èmi náà yán," ni wọ́n wí, wọ́n sì tún bọ́ awò ojú wọn.

A tan ẹ̀rọ padà.